ỌKỌ̀ TÍ KÒ NÍ ILẸ̀: OHUN TÍ MO RÍ NÍ TAMPA

Nígbà tí mo fi ilé sílẹ̀ ní ọdún tí ó kọjá láti lọ bẹ àbúrò mi obìnrin wò ní ìlú Tampa, ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà, mo ṣèlérí fún àwọn kan nínú yín pé èmi yóò kọ̀wé nípa ohun tí ojú mi bá rí. Mo rò nígbà náà pé afárá gígùn àti ilé gogoro ni èmi yóò ròyìn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó gba ọkàn mi jù lọ ni ọ̀ràn kan tí ẹlòmíràn lè pè ní ọ̀ràn ọmọdé: bí a bá yọ ilẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀ ìṣeré tí ń sáré lórí irin, ǹjẹ́ adùn rẹ̀ a máa pọ̀ sí i bí?

Ọmọ àbúrò mi, ọmọkùnrin ọdún mẹ́tàlá, ni ó dá ọ̀ràn náà sílẹ̀. N kò tíì lo ọjọ́ mẹ́ta nínú ilé wọn tí ó fi kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi tí ó wí pé, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gun SheiKra. Mọ́mì ní bí kò bá sí àgbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, n kò gbọdọ̀ gùn ún, wọ́n sì ní àwọn kò tún gun irú rẹ̀ mọ́.” Mo dáhùn pé mo gbà, nítorí mo ṣèbí ẹṣin kan ni. Ìyá rẹ̀ bú sí ẹ̀rín. Àwọn àgbà ti wí pé ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá bọ́, kò ṣé kó mọ́. Bí mo ti kó sínú rẹ̀ nìyẹn.

Ọgbà ńlá kan wà ní ìlú náà tí à ń pè ní Busch Gardens. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 1959 ni a ṣí i, àwọn olùpọn-ọtí ni wọ́n sì dá a sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìpọntí wọn. Ọgbà òdòdó àti ẹyẹ ni ní ìbẹ̀rẹ̀, a sì máa ń bu ọtí bíà fún àlejò láìgba owó. Ilé ìpọntí náà ti kógbá sílé láti ọdún 1995, ṣùgbọ́n ọgbà náà wà síbẹ̀, ó sì ti di ibùgbé àgùnfọn, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà àti erin. Ohun tí ó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé orúkọ ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n fi sọ apá púpọ̀ nínú ọgbà náà: Nairobi nìyí, Congo nìyẹn, Íjíbítì àti Mòrókò wà ní òdì kejì. Èmi ọmọ Áfíríkà ré òkun kọjá, a sì tún mú mi wọ Áfíríkà ní ẹnu ọ̀nà!

SheiKra fúnra rẹ̀ gba orúkọ rẹ̀ lára irú àṣá kékeré kan tí ń gbé ilẹ̀ Áfíríkà àti Éṣíà. Nígbà tí mo gbójú sókè wo irin náà, mo mọ ìdí rẹ̀. Irin aláwọ̀ pupa ni, ó nípọn, ó dúró lórí òpó, ó sì ga tó ẹsẹ̀ bàtà 200. Ẹ̀wọ̀n ni ó ń fa ọkọ̀ gòkè. Bí ọkọ̀ bá dé orí òkè, a rọra yí, a yọ orí jáde ní etí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, a sì dúró níbẹ̀ ní ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi lè ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Lẹ́yìn èyí ni a ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe pé ó ń dà gẹ̀rẹ́ bí àwọn òkè tí a mọ̀. Ọ̀gangan ni ó ń lọ, bí ìgbà tí a bá ju òkúta sínú kànga. Eré rẹ̀ a tó máìlì 70 ní wákàtí kan. A tún máa gòkè, a dojú dé lẹ́ẹ̀kan, a tún já wálẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 138 sínú ihò abẹ́ ilẹ̀, a sì fi ìrù rẹ̀ bu omi inú adágún kan kí ó tó padà sí tésàn.

Kò sí ẹ́ńjìnnì kankan nínú ọkọ̀ náà. Nígbà tí ẹ̀wọ̀n bá ti fi í sílẹ̀, ìwọ̀n ara rẹ̀ ni ó ń sáré, gẹ́gẹ́ bí ọmọdé ti ń jókòó lórí imọ̀ ọ̀pẹ tí ó sì ń yọ̀ láti orí òkè wá sí ìsàlẹ̀. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wà lókè irin, ó wà ní ẹ̀gbẹ́ irin, ó sì wà lábẹ́ irin pẹ̀lú, nítorí náà kò lè fò kúrò lójú ọ̀nà. Àwọn ará Rọ́ṣíà ni wọ́n kọ́kọ́ fi òkè yìnyín ṣe irú eré yìí láyé àtijọ́. Ní ọdún 1884, ọkùnrin kan tí à ń pè ní LaMarcus Thompson ṣí tirẹ̀ ní Coney Island ní New York. Sẹ́ǹtì 5 ni owó rẹ̀, kò sì sáré ju nǹkan bí máìlì 6 ní wákàtí kan lọ. Ẹ wo bí ayé ti yára tó!

Wàyí o, ọ̀ràn ilẹ̀ ọkọ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ wọ̀nyí ní pákó tí èrò ń tẹ ẹsẹ̀ lé, bí ọkọ̀ gbogbo ti ní. Ilé iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Switzerland, tí Walter Bolliger àti Claude Mabillard dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, ni ó kọ́kọ́ sọ ọkọ̀ aláìnílẹ̀ yìí di ohun tí a ń rí. Ní ọdún 1992 wọ́n ti ṣe èyí tí a so kọ́ sábẹ́ irin ní ìpínlẹ̀ Illinois, tí ẹsẹ̀ èrò sì ń fì nínú afẹ́fẹ́. Ní ọdún 1999 wọ́n ṣe Medusa ní ìpínlẹ̀ New Jersey: èyí wà lórí irin, ṣùgbọ́n kò ní ilẹ̀, irin tí ń sá lọ sì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ èrò gan-an. Láti ìgbà náà ni àwọn olówó ọgbà ti ń wí pé àìnílẹ̀ a máa sọ adùn di ìlọ́po.

Báwo ni a ó ṣe mọ̀ bóyá òótọ́ ni? Kò rọrùn, nítorí pé bí a bá fi ọkọ̀ kan wé òmíràn, òkè wọn kò dọ́gba, eré wọn kò sì dọ́gba. Ọ̀kan wà ní Cedar Point, ní ìpínlẹ̀ Ohio, tí à ń pè ní Mantis. Láti ọdún 1996 ni àwọn èrò ti ń dúró lórí ẹsẹ̀ wọn nínú rẹ̀. Ní ọdún 2015 a fún un ní ọkọ̀ aláìnílẹ̀, a sì pè é ní Rougarou. Bí ẹnì kan bá wí pé ti ìsinsìnyí dùn jù, ṣé nítorí pé kò sí ilẹ̀ ni, tàbí nítorí pé èrò ti rí àga jókòó sí? Ohun méjì ni a yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ẹ̀rí rẹ̀ kò mọ́ gaara.

SheiKra ni ẹlẹ́rìí tí ó dára jù. Ní ọdún 2005 tí a ṣí i, ó ní ilẹ̀. Ní ọdún 2007 a mú ilẹ̀ náà kúrò. Irin kò yí, òkè kò dín, àga mẹ́jọ-mẹ́jọ ní ìlà mẹ́ta kò yẹ̀. Ilẹ̀ nìkan ni ó lọ. Ẹni tí ó bá ti gun méjèèjì ni ó lè ṣe ìdájọ́.

Àbúrò mi wà nínú àwọn bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2006, nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú náà, ó gùn ún nígbà tí ilẹ̀ wà; lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ó tún gùn ún nígbà tí kò sí mọ́. Mo bi í léèrè lálẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú ìlọ wa. Ó wí pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, nígbà àkọ́kọ́, bí a ti dúró ní etí òkè, mo ki ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tí ń tẹ bíréèkì. Mo mọ̀ pé kò lè ṣe ohunkóhun, ṣùgbọ́n ó tù mí nínú. Nígbà kejì mo wá ibi tí n ó ki ẹsẹ̀ mọ́, n kò rí i.” Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, n kò sì lè sùn bọ̀rọ̀.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méjìlá, afárá rélùwéè kan wà lórí odò tí ó wà lẹ́bàá ìlú wa. Igi ìtẹ́rin nìkan ni ó wà lórí rẹ̀, àlàfo sì wà láàrin igi kan àti èkejì, tí a fi ń rí omi tí ń ṣàn nísàlẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mi a máa gbà á kọjá lọ sí oko. Afárá náà lágbára tó láti gbé ọkọ̀ ojú irin pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, ó sì dájú pé ó lè gbé ọmọ tí ó ru agbọ̀n iṣu. Síbẹ̀, bí mo bá ti rí omi láàrin ẹsẹ̀ mi méjèèjì, eékún mi a máa gbọ̀n. Lọ́jọ́ kan mo dé àárín, n kò lè lọ, n kò sì lè bọ̀. Bàbá mi ni ó wá mú mi lọ́wọ́, ó ní, “Wo ọ̀kánkán, má wo odò.” Mo kọjá, ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ mi kò jẹ́ kí n gbàgbé fún ọdún kan gbáko.

Ní ọjọ́ kejì a lọ. Nígbà àkọ́kọ́, ìlà kẹta, èyí tí ó kẹ́yìn, ni ó kàn wá. Mo jókòó, ìdáàbòbò irin sọ̀ kalẹ̀ láti orí èjìká dé àyà mi, òṣìṣẹ́ kan sì fà á wò bóyá ó dè. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ tésàn tí mo tẹ ẹsẹ̀ lé lọ kúrò lábẹ́ mi. Ẹ̀yin ará, ohùn kékeré ni ó dún, ṣùgbọ́n ọkàn mi dún jù ú lọ. Síbẹ̀, kí n má purọ́: lẹ́yìn ìgbà náà, n kò tún rántí ọ̀ràn ilẹ̀ mọ́. Ẹ̀yìn àga tí ó wà níwájú mi ni mò ń rí. Nígbà tí a já wálẹ̀, ikùn mi gòkè wá sí ọ̀fun, mo sì kígbe orúkọ ìyá mi.

Ọmọ náà ní ìlà iwájú ni òun fẹ́ nísinsìnyí. A tún dúró pẹ́ ní oòrùn. Ní ìlà iwájú, kò sí àga kankan níwájú wa, kò sì sí ohunkóhun lábẹ́ wa. Bí ẹ̀wọ̀n ti ń fà wá gòkè, igi ọgbà di koríko, ènìyàn di èèrà. Ọmọ tí ó ti ń fọ́nnu láti àárọ̀ dákẹ́. Ó wo àárín bàtà rẹ̀ méjèèjì, ó wí jẹ́jẹ́ pé, “Bàbá, mo fẹ́ sọ̀kalẹ̀.” Kò sí ọ̀nà àtisọ̀kalẹ̀ mọ́. Èmi tí eékún mi ń gbọ̀n na ọwọ́ sí i, mo gbá tirẹ̀ mú, ọ̀rọ̀ bàbá mi sì jáde ní ẹnu mi: “Wo ọ̀kánkán, má wo ilẹ̀.” Ọkọ̀ dúró ní etí òkè. Àwa méjèèjì wo ọ̀run títí dé etí ìlú. Mo ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. A sì lọ.

Kí ni ìdájọ́ mi? Èkíní, ojú ni àìnílẹ̀ ń bá jà jù lọ, àwọn ìlà iwájú nìkan ni ó sì ní ojú tí ó rí i dáadáa. Èkejì, ó ń bá àtẹ́lẹsẹ̀ gbogbo èrò jà, nítorí pé ó gba ibi ìfẹ̀yìntì wọn lọ, bí àbúrò mi ti wí. Ẹ̀kẹta, nínú jíjá-wálẹ̀ gan-an, kò fi ohun púpọ̀ kún un. Ẹ rò ó wò: nígbà tí ènìyàn àti àga rẹ̀ bá jọ ń já bọ́, àga kì í ti ara rẹ̀ sókè mọ́, ìdí nìyẹn tí ikùn fi ń léfòó. Bí ilẹ̀ bá tilẹ̀ wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ kì bá tẹ̀ ẹ́ dáadáa nígbà náà, nítorí pé òun pàápàá ń já bọ́ pẹ̀lú wa. Nítorí náà, ìdúró ni àìnílẹ̀ ń mú dùn, kì í ṣe ìjábọ́. Níbi tí ọkọ̀ bá ti ń dúró ní etí òkè bíi SheiKra, ó tọ́ kí a yọ ilẹ̀ kúrò. Níbi tí kò bá dúró, tí ènìyàn sì wà lẹ́yìn, èrè rẹ̀ kéré. Sálúbàtà rẹ̀ nìkan ni yóò ní láti ṣọ́.

Ẹnì kan lè bi mí pé, kí ni àgbàlagbà ń wá nínú ẹ̀rù tí a fi owó rà? Èmi náà bi ara mi bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé afárá ìgbà èwe mi kò wó, irin Tampa kò sì já. Ojú mi ni ó ń sọ fún mi nígbà méjèèjì pé n ó ṣubú. Ó ṣe ènìyàn ní àǹfààní láti mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ewu àti ohun tí ó jọ ewu.

Ní alẹ́, ìyá ọmọ náà bi í léèrè èwo ni ó dùn jù, ìlà ẹ̀yìn ni tàbí ìlà iwájú. Ó ronú díẹ̀, ó ní, “Iwájú ni, Mọ́mì. Ṣùgbọ́n bí Bàbá kò bá sí níbẹ̀, ẹ̀yìn ni.”