Ta Ló Ni Fáìlì Inú Fláàṣì?

Akọ̀wé kan tó ń lo Linux kó àkọsílẹ̀ owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ sínú fláàṣì. Ó mọ̀ pé FAT32 kì í tọ́jú ẹni tó ni fáìlì, pé asán ni àṣẹ chmod lórí rẹ̀. Nítorí náà, ext4 ló lò. Ó fi chmod 600 sé fáìlì náà mọ́ ẹlòmíràn, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Fláàṣì náà wá sọnù.

Nọ́ńbà ni ext4 ń kọ sílẹ̀, kì í ṣe orúkọ. Ubuntu àti Debian a sì máa fún oníṣẹ́ àkọ́kọ́ lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní 1000: akọ̀wé ni 1000 nílé tirẹ̀, ẹni tó he fláàṣì ni 1000 nílé tirẹ̀. (Root ní tirẹ̀ kì í tilẹ̀ bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.) LUKS ìbá dáàbò bò ó, nítorí pé òun a máa béèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé lórí ẹ̀rọ yòówù.