Àmì Tí Ó Dá Dúró

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀kọ́ ìṣirò gan-an, pàápàá jù lọ ẹ̀ka tí a ń pè ní rìgírẹ́ṣọ̀n, èyí tí ó ń fi bí ohun kan ṣe ń bá òmíràn gòkè tàbí sọ̀ kalẹ̀ hàn wá. Bí olùkọ́ bá kàn kọ fọ́múlà sójú pátákó, akẹ́kọ̀ọ́ á há a sórí, á sì fi yege ìdánwò, ṣùgbọ́n kò ní mọ ohun tí ó ń wí.

Ní Zuba níbí, ibi tí ọ̀nà Kàdúná àti ti Lọ́kọ́jà ti pàdé ọ̀nà tí ó wọ Àbújá, a ní ọjà èso ńlá. Nígbà tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ SS 2, mo rán wọn lọ síbẹ̀ pẹ̀lú òṣùwọ̀n, pé kí wọ́n tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà, kí wọ́n wọn ọ̀pẹ̀yìnbó, kí wọ́n sì kọ ìwúwo àti owó ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ojú ni àwọn ìyá ọlọ́jà fi ń díwọ̀n. Nígbà tí wọ́n rí òṣùwọ̀n, àwọn kan rò pé agbowó-orí ni ó dé.

Nígbà tí a padà dé kíláàsì, a fi àmì sí orí gíráàfù. Olúkúlùkù fi rúlà fa ìlà tirẹ̀ láàárín àwọn àmì náà, ẹnu wọn kò sì kò lórí èyí tí ó tọ́. Ìgbà náà ni ebi fọ́múlà tó wá pa wọ́n. Mo sọ fún wọn pé Adrien-Marie Legendre, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti tẹ ọ̀nà àbáyọ jáde ní ọdún 1805: kí a fi àlàfo tí ó wà láàárín àmì kọ̀ọ̀kan àti ìlà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí a ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ìlà tí àròpọ̀ rẹ̀ bá kéré jù ni kí a mú.

Ṣùgbọ́n àmì kan dá dúró ní ìsàlẹ̀: ọ̀pẹ̀yìnbó náà wúwo, owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ti fẹ́ pa á rẹ́. Mo ní kí ó kọ́kọ́ padà lọ bi ẹni tí ó ń tà á. Ìyá náà dá a lóhùn pé, “Ọmọ mi, ó ti pọ́n jù. Bí n kò bá tà á lónìí, ó di ti ewúrẹ́ lọ́la.” Òṣùwọ̀n kò rí èyí; ojú ìyá rí i. Bí a bá pa àmì yẹn rẹ́, ìlà wa ì bá gún régé, irọ́ ni ì bá sì máa pa.

Ọ̀rọ̀ yìí ju ti èso lọ. Francis Galton, ará Ìlú Ọba, ni ó sọ ẹ̀kọ́ yìí lórúkọ. Ní ọdún 1886, ó fi gíga ọmọ 928 wé ti òbí wọn, tọkọtaya 205, ó sì rí i pé ọmọ àwọn tí ó ga gan-an a máa padà sún mọ́ ìwọ̀n gbogbo ènìyàn. Ìṣirò rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n òun kan náà ni ó ti ṣẹ̀dá orúkọ ní ọdún 1883 fún èrò pé kí a máa ṣa àwọn tí yóò máa bímọ, bí ẹni ń ṣa irú màlúù. Ibi tí èrò yẹn gbé aráyé dé lẹ́yìn náà burú jáì.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la, ẹ rán akẹ́kọ̀ọ́ yín lọ sọ́jà kí ẹ tó kọ fọ́múlà. Ẹ kìlọ̀ fún wọn pé ìlà tí a fà láti ara ọ̀pẹ̀yìnbó kílò kan sí mẹ́ta kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ lórí oníkílò mẹ́wàá. Bí àmì kan bá sì dá dúró, kí wọ́n bi í léèrè kí wọ́n tó lé e jáde. Ó lè jẹ́ pé òun gan-an ni ó ní ẹ̀kọ́ lẹ́nu.