Panadol àti Ẹ̀dọ̀ Tí Kò Lágbára Mọ́

Bí òtútù bá ti dé ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé Yorùbá wo lẹ máa wọ̀ tí ẹ ò ní bá Panadol? Ẹ wo inú àpò màmá àgbà kan: paracetamol nìyí, Lemsip tí wọ́n ń pò mọ́ omi gbígbóná nìyẹn, co-codamol tí dókítà kọ fún orúnkún náà wà níbẹ̀. Paracetamol ló wà nínú gbogbo wọn. Bí màmá bá lò wọ́n pọ̀ lọ́jọ́ kan, ó lè ti kọjá ìwọ̀n kó má sì mọ̀. Ẹ̀yin ará wa ní Amẹ́ríkà, òun náà ni wọ́n ń pè ní acetaminophen, ó wà nínú Tylenol àti NyQuil.

Hóró 8 oní 500 mg láàárín wákàtí 24 ni òpin fún àgbàlagbà tára rẹ̀ le. Kì í ṣe gbogbo wa lara wa le. Bí ẹ̀dọ̀ bá ń lọ oògùn yìí, májèlé díẹ̀ máa ń ti ara rẹ̀ jáde, ara ló sì ń kápá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí àìsàn ti mú rù, tí kò rí oúnjẹ jẹ dáadáa, tàbí tó ń mutí lójoojúmọ́, agbára yẹn ti dín kù lára rẹ̀. Oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ bíi rifampicin àti ti wárápá bíi carbamazepine náà ń dá kún ewu.

Èyí tó ká mi lára jù ni àrùn mẹ́dọ̀wú, hepatitis B. Ó wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ ló kó o lára ìyá wọn nígbà ìbí, tí wọ́n ń gbé e kiri láìmọ̀, tí ẹ̀dọ̀ sì ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má torí èyí sá lọ sídìí ibuprofen o. Ó lè da ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ nínú, kó sì ba kíndìnrín jẹ́ fún ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti le gbagidi. Dókítà ló máa sọ iye paracetamol tó bá onítọ̀hún mu.

Ẹni tó bá sì ti lò ó jù, kó má dúró dìgbà tí ojú bá pọ́n. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó lè má mọ nǹkan kan lára. Acetylcysteine ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀, láàárín wákàtí 8 ló sì ń ṣiṣẹ́ jù. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí GP yín yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò fún hepatitis B lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sì mú àwọn àgbà ilé yín dání.