Ogún tí Glele Jẹ

Ọba yòówù tó bá gorí ìtẹ́ ní Savalou, Gbaguidi ni à ń pè é, bí a ti ń pe àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa ní Bantẹ̀ náà, ẹni tó bá joyè kì í bẹ̀rẹ̀ láti òfo. Ṣùgbọ́n mo ti ṣàkíyèsí pé bí àgbà kan bá ti wàjà, adé àti ilẹ̀ ni ojú gbogbo ènìyàn máa ń wò. Ìwọ̀nba ni àwọn tó ń bèèrè ìjà tí olóògbé kò jà tán, àti àdéhùn tó ṣe tí kò délé sọ.

Ẹni tó bá gba Savalou kọjá lọ sí ìsàlẹ̀ yóò dé Abomey, olú-ìlú ìjọba Dàhómì àtijọ́, níbi tí ẹ̀kọ́ yìí ti hàn gbangba. Ghezo jọba níbẹ̀ ní 1818, lẹ́yìn tí wọ́n rọ Adandozan lóyè. Òun ló bọ́ àjàgà Ọ̀yọ́ lọ́rùn Dàhómì, ìgbà tirẹ̀ náà sì ni òwò epo pupa gbèrú. Ìkòkò tí wọ́n dá lu káàkiri ara ni àmì rẹ̀: bí gbogbo ọmọ ilẹ̀ bá fi ìka dí ihò rẹ̀, omi inú rẹ̀ kò ní í dànù. Ọ̀rọ̀ àgbà gidi ni. Ṣùgbọ́n ìtẹ́ rẹ̀ kan wà ní ààfin Abomey tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lórí agbárí ènìyàn mẹ́rin. Ìkòkò yẹn àti agbárí yìí, àpapọ̀ wọn ni Glele ọmọ rẹ̀ jogún ní 1858.

Ìjà Abẹ́òkúta ló wúwo jù nínú ogún náà. Ní oṣù Kẹta 1851, Ghezo kó ọmọ ogun lọ́kùnrin lóbìnrin lọ bá Ẹ̀gbá, Ẹ̀gbá sì lé wọn padà. Wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Síbẹ̀, ní oṣù Kẹta 1864, Glele tún lọ, ó sì tún pàdánù. N kò sọ pé ó rọrùn fún un. Ọmọ tó bá jẹ́ kí ẹ̀tẹ́ baba rẹ̀ wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ojo ni aráyé ń pè é.

Kì í ṣe tiwa nìkan. Ọba Edward Kìíní ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kú ní 1307 lójú ọ̀nà ogun Scotland, ó sì fi gbèsè ńlá sílẹ̀. Ọmọ rẹ̀, Edward Kejì, gba gbèsè, ó gba ogun mọ́ ọn. Ní 1314 ni àwọn ará Scotland fọ́ ọ túútúú ní Bannockburn.

Glele náà fi tirẹ̀ sílẹ̀. Àwọn Faransé ń gbé ìwé àdéhùn 1868 àti 1878 jáde pé Cotonou ti di tiwọn, ọ̀rọ̀ náà kò sì yanjú títí ó fi kú ní ìparí 1889. Behanzin ọmọ rẹ̀ ló bá a nílẹ̀. Ogun dé ní 1890, ó tún dé ní 1892. Ní 1894 ó jọ̀wọ́ ara rẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí Martinique. Algiers ló kú sí ní 1906.

Ní oṣù Kọkànlá 2021, Faransé dá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé 26 padà fún Benin. Ère Ghezo, ti Glele àti ti Behanzin jọ wà nínú wọn. Inú mi dùn sí i, nítorí ogún wa ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin afọbajẹ, mo bẹ̀ yín: kí ẹ tó fi ẹnikẹ́ni joyè, ẹ ka ìjà àti gbèsè ẹni àná fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìfi ọ̀kan pa mọ́. Kí ó mọ èyí tí yóò san, kí ó mọ èyí tí yóò bẹ̀bẹ̀ fún. Èyí tó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ nìkan ni yóò mú wá, kí ó ní ìgboyà láti sọ pé ọ̀dọ̀ òun ló parí sí.