Èkó sí Salvador, wákàtí mélòó?

Ẹ gbọ́ ná, ẹ̀yin èèyàn mi. Lọ́jọ́ Sunday, màmá àgbà bi mí pé, "Ṣé Bàhíà jìnnà ju Lọ́ńdọ̀nù lọ ni?" Mo ti fẹ́ ní bẹ́ẹ̀ ni, ó jìnnà gan-an. Mo ní kí n kọ́kọ́ yẹ Google Maps wò.

Ẹni ọdún 84 ni wọ́n. Ọmọ Àgùdà ni wá, Pópó Àgùdà nílé wa. Salvador ni wọ́n bí bàbá tó bí ìyá wọn sí. Ọmọdé ni nígbà tí àwọn òbí ẹ̀ gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi padà wálé. Títí dòní, màmá kì í jẹ́ kí Good Friday kọjá láìse frejon (ẹ̀wà olómi àgbọn. Tẹ́ ò bá tíì jẹ ẹ́ rí, ẹ pẹ̀lẹ́ o). Wọ́n fẹ́ fojú kan ìlú yẹn kí wọ́n tó lọ. Àwọn ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èmi.

Mo fa ìlà lórí máàpù. Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù, bíi 5,000 kìlómítà. Èkó sí Salvador, bíi 5,100. Mo tún un fà. Bákan náà ni! Ìyàtọ̀ yẹn ò tó ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn.

Màmá ti lọ Lọ́ńdọ̀nù lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dọ̀ ọmọ wọn. Wákàtí mẹ́fà àtààbọ̀ ni. Wọ́n á wọlé, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á sùn, wọ́n á jí, ó ti parí.

Mo wá tíkẹ́ẹ̀tì Salvador. Mi ò rí èyí tó lọ tààrà. Èyí tí mo rí kọ́kọ́ gba Addis Ababa. Ẹ jọ̀ọ́, ìlà oòrùn ni Addis wà, ìwọ̀ oòrùn ni Brazil wà! Wákàtí márùn-ún la máa fi kẹ̀yìn sí ibi tá à ń lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni Addis sí São Paulo, tó lé ní wákàtí méjìlá, tó tún máa ré Áfíríkà kọjá padà. Ó wá ku São Paulo sí Salvador. Mo ro gbogbo ẹ̀ pọ̀: ó lé ní 15,000 kìlómítà, ìlọ́po mẹ́ta. Tá a bá fi jíjókòó ní pápákọ̀ kún un, ó ń lọ sí ọgbọ̀n wákàtí.

Mo mọ̀ pé ibi tí èrò àti owó bá wà ni ọkọ̀ òfuurufú ń lọ. Èyí tó ń dùn mí ni pé láyé òwò ẹrú, tààrà ni ọkọ̀ ń lọ láti etíkun wa sí Bàhíà.

Orúnkún màmá ò lè gba ọgbọ̀n wákàtí. Mo sọ ọ́ fún wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Àmọ́ wọn ò jìnnà sí wa?"

Mo ní, "Rárá mà."

"Mú fóònù yẹn wá."

Wọ́n fi ìka kan sórí Èkó, wọ́n fi èkejì sórí Salvador. Fóònù fẹ́ pa iná, wọ́n ní kí n má jẹ́ kó tíì kú.