Ṣé Kí A Lé Ẹni Tí Ó Ti Pẹ́ Lẹ́nu Iṣẹ́?

Ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu pé èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ ìrun pípè ni mo jókòó tí mo ń kọ̀wé lórí bọ́ọ̀lù. Inú ilé mi ni ọ̀rọ̀ náà ti wá bá mi.

Ní ọjọ́ Sátidé kan ní oṣù kẹta ọdún 2017, àwọn ọmọkùnrin mi méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ara wọn lọ́rùn mú nínú pálọ̀ wa. West Bromwich ti na Arsenal ní góòlù 3 sí 1 lọ́jọ́ náà. Bí eré ti ń lọ lọ́wọ́, ọkọ̀ òfurufú kan fò kọjá lókè pápá, ó ń fa aṣọ gígùn kan tí a kọ ọ́ sí pé kí Wenger máa lọ. Òmíràn tún fò kọjá, èyíinì ní kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún bàbá náà. Ẹ̀gbọ́n wà lẹ́yìn ọkọ̀ kan, àbúrò wà lẹ́yìn ìkejì. Ìyá wọn gbọ́ ariwo láti ilé ìdáná, ó jáde tòun ti ṣíbí ọbẹ̀, ó ní, "Owó tí wọ́n fi ń fo ọkọ̀ òfurufú kiri nítorí ẹnì kan yìí, ṣé kò sí tálákà mọ́ ní ìlú òyìnbó ni?" Ó wá kọjú sí mi: "Àáfà, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe wáàsí fún àwọn ẹlòmíràn, ẹ dá ẹjọ́ yìí fún wa." Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí á kí Mágàríbì ná. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ náà kò kúrò lọ́kàn mi.

Kí ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ kì í wo bọ́ọ̀lù lè bá wa lọ: Arsène Wenger jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Faransé, ó sì di máníjà Arsenal ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1996. Nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù tí ó bá níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ni ó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti gbá bọ́ọ̀lù tán, ó di ilé ọtí. Òun ni ó mú wọn kúrò nídìí rẹ̀, tí ó fi ẹja àti ẹ̀fọ́ bíbọ̀ sí iwájú wọn. Kì í ṣe Mùsùlùmí o. (Ní ọjọ́ tí mo sọ èyí níbi ìsọmọlórúkọ kan, mo rí àwọn tí ó wolẹ̀.) Ó gba ife líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1998, 2002 àti 2004. Ní èyí tí ó gbà kẹ́yìn yìí, eré 38 ni wọ́n gbá, wọ́n borí nínú 26, wọ́n ta ọ̀mì nínú 12, ẹnikẹ́ni kò nà wọ́n. Ó sì gba ife FA lẹ́ẹ̀meje.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ kì í ṣe ife. Ní oṣù kejì ọdún 1999, Arsenal ń bá Sheffield United gbá bọ́ọ̀lù ife FA. Ọmọ Sheffield kan ṣèṣe, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì gbá bọ́ọ̀lù síta kí wọ́n lè tọ́jú rẹ̀. Ìwà ọmọlúàbí ni pé kí Arsenal dá bọ́ọ̀lù náà padà fún wọn. Nwankwo Kanu, ọmọ Nàìjíríà wa, tí ó jẹ́ pé ọjọ́ náà ni ó kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù fún Arsenal, kò mọ̀. Ó sáré gba bọ́ọ̀lù, ó gbé e fún Marc Overmars, ìyẹn sì gbá a wọlé. Góòlù tí Arsenal fi borí ní 2 sí 1 nìyẹn. Kò lòdì sí òfin, rẹfirí sì kà á. Wenger fúnra rẹ̀ ni ó ní kí wọ́n tún eré náà gbá. Wọ́n tún un gbá, Arsenal tún borí ní 2 sí 1. Mélòó nínú àwa tí a ń ta ọjà ni ó lè dá èrè tí òfin fún un padà nítorí pé ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ sí i?

Lẹ́yìn èyí ni gbèsè wọlé dé. Ní 2006 wọ́n kó lọ sí pápá tuntun tí ó gba 60,000 ènìyàn, owó rẹ̀ sì wúwo lọ́rùn ẹgbẹ́. Àwọn tí ó mọ bọ́ọ̀lù gbá ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan: Thierry Henry ní 2007, Cesc Fabregas ní 2011, Robin van Persie ní 2012. Láti 2005 títí di 2014, Arsenal kò gba ife kankan. Manchester United nà wọ́n ní 8 sí 2 ní 2011. Ní 2017 Bayern Munich nà wọ́n ní 5 sí 1 ní Jámánì, ó tún wá nà wọ́n ní 5 sí 1 ní Lọ́ńdọ̀nù. Inú pápá tí sùúrù bàbá yìí fi san gbèsè rẹ̀ ni wọ́n ti ń hó lé e lórí.

Nígbà náà, mo ní ẹjọ́ tèmi lọ́wọ́. Èmi ni igbákejì ládàánì ní mọ́sáláṣí wa. Bàbá tí mo wà lábẹ́ rẹ̀ ti ń pe ìrun láti ìgbà tí mo wà ní ilé-kéú. Òun ni ó kọ́ mi bí a ti ń fa ohùn. Ṣùgbọ́n èémí rẹ̀ ti kúrú. Ní Àsùbáà, ohùn rẹ̀ a máa já lágbedeméjì nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Gbogbo wa mọ̀, ìgbìmọ̀ mọ̀, kò sí ẹni tí ó sọ fún un. Èmi kò lè sọ, nítorí wọn yóò ní ipò rẹ̀ ni mo ń wá. Bí ẹ bá sì fẹ́ òtítọ́, ipò náà wù mí. Mo dákẹ́, mo pe ìdákẹ́ náà ní ọ̀wọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bàbá ń bọ̀ láti ibi àlùwàlá, ó gbọ́ bí àwọn ọmọ kan ti ń sín ohùn òun jẹ, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi kékeré, èyí tí ó ní kí Wenger dúró, wà nínú wọn.

Nítorí náà, èyí ni ìdájọ́ mi. Ó yẹ kí Wenger lọ, ó tilẹ̀ yẹ kí ó ti lọ ṣáájú. Ní oṣù karùn-ún 2014, nígbà tí ó gba ife FA lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án, ni ó yẹ kí àwọn olórí ẹgbẹ́ náà jókòó tì í, kí wọ́n jọ dá ọjọ́. Ní òpin oṣù karùn-ún 2017, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí ó tún gba ife náà, wọ́n fún un ní ìwé ọdún méjì. Kí ọdún kan tó pé, ní oṣù kẹrin 2018, a gbọ́ pé ó ń lọ. Wọ́n jẹ́ kí àwọn òǹwòran fi èébú sọ ohun tí ó yẹ kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ní kọ̀rọ̀.

Ẹni tí ó bá sì rò pé ìpààrọ̀ nìkan ni oògùn, kí ó wo Manchester United. Alex Ferguson lo ọdún 26 níbẹ̀, ó fúnra rẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní 2013 pẹ̀lú ife líìgì lọ́wọ́. David Moyes tí ó gbapò rẹ̀ kò lo ọdún kan tí wọ́n fi lé e. Unai Emery tí Arsenal fi rọ́pò Wenger, ọdún kan àti ààbọ̀ péré ni.

Ní ti bàbá wa, mo mú ọmọ mi lọ síwájú rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó tọrọ àforíjì. Nígbà tí ọmọ náà jáde, mo dúró, mo sọ ohun tí ó yẹ kí n ti sọ tipẹ́. Bàbá dákẹ́ títí. Ó wá ní, "Mo ti ń retí kí o wá." Ó ní kí n máa gba Àsùbáà láti ọ̀la, kí òun máa pe ti Jímọ̀ títí Ààwẹ̀ yóò fi parí. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe é.

Ní ọdún 2023, Arsenal gbé ère Wenger sí ìta pápá wọn, ó gbé ife sókè orí. (Ọ̀rọ̀ ère, ẹ jẹ́ kí á fi sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.) Àwọn ọmọ fi àwòrán rẹ̀ hàn wá lórí fóònù. Ìyá wọn wò ó, ó ní, "Ní ọjọ́ tí wọ́n ń fa aṣọ kiri lójú òfurufú, ṣé wọn kò rántí ife yìí ni?"

Ẹ̀gbọ́n kò fèsì.