Kẹ̀kẹ́ Ológeere fún Ará Ìgboro

Bí ènìyàn bá dárúkọ kẹ̀kẹ́ ní ìgboro Ìbàdàn lónìí, kẹ̀kẹ́ Márúwá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni ọkàn olùgbọ́ yóò kọ́kọ́ lọ sí, èyí tí ó ń jẹ́ orúkọ ológun tí ó ṣe gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó láti 1996 sí 1999. Ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí ó ni orúkọ náà tẹ́lẹ̀ ni ó wá di ohun tí a ní láti fi "ológeere" júwe kí ó tó yé ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ sì ni òun ni tíṣà, akọ̀wé, ajíhìnrere àti adẹ́mu jọ ń gùn nígbà kan, tí ẹni tí ó bá ní in a sì máa nù ún ní àràárọ̀ bí ẹni ń nu dígí.

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù May 2023, lítà epo kan tí kò tó ₦200 tẹ́lẹ̀ fò kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Owó ọkọ̀ tẹ̀lé e. Owó oṣù kò tẹ̀lé e. Ní àkókò náà ni olùkọ́bìnrin kan, tí ilé rẹ̀ kò ju kìlómítà 4 lọ sí ilé-ìwé tí ó ti ń kọ́ni, ṣe ìṣirò, tí ó sì rí i pé onímọ́tò ni òun ń bá ṣiṣẹ́. Ó di dandan kí ó ra kẹ̀kẹ́.

Ní ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń tajà gbé èyí tí ó gbayì jù síta. Jíà rẹ̀ jẹ́ 21, ìjókòó rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ débi pé ńṣe ni ẹni tí ó bá gùn ún yóò dọ̀bálẹ̀ lé e.

"Màmá, èyí ni ó ń sáré jù."

"Ọmọ mi, ta ni ó ń lé mi? Níbo ni n óò gbé ìwé àwọn ọmọ sí?"

"Ẹ óò pọ̀n ọ́n ni, Màmá."

Òǹtajà náà kò purọ́. Ẹni tí ó bá ń fi kẹ̀kẹ́ díje gbọ́dọ̀ tẹ̀, kí afẹ́fẹ́ má baà dá a dúró. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kọ́ ni ọ̀tá ará ìgboro. Kòtò ni, àti ọlọ́kadà tí ó yọ láti ẹ̀gbẹ́. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí, ẹni tí ó bá sì tẹ orí ba kò lè ṣọ́ ohunkóhun. Nígbà tí ẹ̀yìn bá nàró, tí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sì tẹ̀ wá sẹ́yìn láti pàdé ẹni tí ó jókòó, ìwúwo ara yóò wà lórí ìdí, kò ní wà lórí ọrùn ọwọ́. Ìdí nìyẹn tí ìjókòó irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ fi gbọ́dọ̀ fẹ̀.

Ọ̀dọ̀ bàbá àgbàlagbà kan tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́bàá títì ni ó ti wá rí ohun tí ó ń wá. Tòkunbọ̀ ni, láti ilẹ̀ Nẹ́dálándì, níbi tí wọ́n ti ń pe irú rẹ̀ ní kẹ̀kẹ́ ìyá àgbà ní èdè wọn. Irin àárín rẹ̀ tẹ̀ wá sílẹ̀, tí obìnrin tí ó ró ìró fi lè gùn ún láìgbé ẹsẹ̀ sókè. Páálí líle bo ṣéènì rẹ̀, òróró kò lè kan aṣọ. Irin pẹlẹbẹ bo táyà méjèèjì, ẹrẹ̀ kò lè ta sí ẹ̀yìn. Kárià wà lẹ́yìn fún ìwé. Táyà tí ń yí sì ni ó ń fún iná rẹ̀ lágbára. Kò sí èyí tí ó jẹ́ àrà tuntun níbẹ̀. Láti 1885 tí Starley ti ṣe kẹ̀kẹ́ Rover ní Coventry, àti 1888 tí Dunlop ti ṣe táyà onífẹ́ẹ́fẹ́ ní Belfast, ohun tí ó kù kò pọ̀.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni Nẹ́dálándì, Ìbàdàn sì kún fún òkè. Bàbá náà fi ẹsẹ̀ táyà ẹ̀yìn hàn án: jíà mẹ́ta wà nínú rẹ̀, irú èyí tí Sturmey-Archer bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní Nottingham ní 1902, níbi tí eruku àti òjò kò ti lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀kan fún òkè, ọ̀kan fún pẹ̀tẹ́lẹ̀, ọ̀kan fún gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Kí ni ènìyàn ń fi 21 ṣe? Ó tún sọ àléébù Raleigh àtijọ́ tí gbogbo ènìyàn ń yìn: bí òjò bá ti tutù sí irin táyà rẹ̀, búréèkì a máa yọ̀. Inú ẹsẹ̀ táyà ni búréèkì ti èyí wà.

Ìtìjú ni ó ṣòro jù. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, òbí méjì béèrè bóyá ilé-ìwé kò san owó oṣù ni. Ó dá wọn lóhùn pé wọ́n san án, òun kò fẹ́ ná an tán lójú ọ̀nà ni. Ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ni ó ń gbà, nítorí kò sí ẹni tí ó ya ààyè sọ́tọ̀ fún ológeere lórí títì ńlá.

Bàbá náà wọn ìjókòó fún un kí ó tó gbowó: kí gìgísẹ̀ kan ibi ìfẹsẹ̀tẹ̀ nígbà tí ó bá wà nísàlẹ̀ pátápátá, kí orúnkún sì nà. Ó ní kí ó padà wá ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i, nítorí wáyà tuntun a máa nà, òun yóò sì bá a fún un.